Ikùn Tánkì

Pilunnguaq bọ́ ìbọ̀wọ́ ọ̀tún,
ó fi ìka kan ṣoṣo tẹ bọ́tìnnì.
Oṣù karùn-ún nìyí o, yìnyín ṣì wà létí òkun Gírínílándì;
ìka náà ti funfun kí mítà tó dáhùn.

"Ka gíga," ó ní. Ogún sẹ̀ǹtímítà.
"Ka epo." Àgbá márùn-ún àti kẹ́ẹ̀gì méjì,
àgbá tí a yá nílé iṣẹ́ ẹja, tí èmi fúnra mi yí wá:
ẹgbẹ̀rún kan lítà, ó lé ogójì.
Lọ́dún tó kọjá, mítà yìí kan náà ì bá ní ẹgbẹ̀rún méjì,
ojú rẹ̀ ò ní ṣẹ́.

Sẹ́ńsọ̀ ò purọ́. Ẹ jẹ́ n tètè wí i.
Bí epo bá mu ún dé orúnkún, á ní orúnkún ló dé.
Àwa la mú gíga, tí a pín in dọ́gba
bí ẹni ń gé okùn,
tánkì sì rèé tó fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ bí àbùùbùtán:
ó fún nísàlẹ̀, ó yọkùn láàárín, ó tún fún lókè.
Ìka kan nídìí kì í ṣe ẹgbẹ́ ìka kan ní ìdodo.

Àmì kẹrin nínú méjìlélọ́gbọ̀n. Bọ́tìnnì.
Gíga, iye; gíga, iye.
A ò na ìlà náà kó tọ́,
à ń kọ́ ẹ̀rọ níbi tó ti yẹ kó tẹ̀.

Amandus jókòó lórí àpótí ẹja, ó gbé kọfí lọ́wọ́.
A ò pè é.
Ogún ọdún ló fi ṣọ́ tánkì yìí
pẹ̀lú igi kan tí òkun gbé wá, tó fi ọ̀bẹ sàmì sí lára,
àmì wọ́gọwọ̀gọ: wọ́n jìnnà síra nísàlẹ̀,
wọ́n fún mọ́ra láàárín.
Mo ti fi igi yẹn rẹ́rìn-ín rí. Mo ní ọwọ́ ọ̀mùtí ló gbẹ́ ẹ.
Nígbà tí mítà dé, èmi ni mo ní ká gbé igi jù nù.

Lóṣù kẹta, òkun dì pa, ọkọ̀ di oṣù keje.
Mítà ní ó ku ẹgbẹ̀rún márùn-ún.
A pín in fún ilé kọ̀ọ̀kan lórí ìwé.
Epo tán ní ẹgbẹ̀rún mẹ́rin ó dín àádọ́rùn-ún.
Sítóòfù ìyá Nikkulaat kú lóru,
a kó awọ ẹran lé e títí ilẹ̀ fi mọ́.
Ẹgbẹ̀rún kan àti àádọ́rùn-ún lítà, ta ló gbé e?
Ní gbọ̀ngàn ìpàdé, mo dìde,
mo wo kọ́kọ́rọ́ tánkì lọ́rùn Amandus,
mo sọ ọ̀rọ̀ kan tí kò gùn ju èémí kan lọ.
Ó bọ́ kọ́kọ́rọ́, ó fi lé orí tábìlì. Kò rojọ́.

Ọjọ́ kẹta, àádọ́ta àgbá, ìdajì gééré:
ibẹ̀ nìkan ni irọ́ àti òótọ́ ti jọ pàdé rí.
Àgbá tán. Àmì ku mẹ́rìndínlógún.
"Mo lè ṣírò ìyókù," Pilunnguaq ní,
"àmọ́ irin yìí ti jìyà, ikùn rẹ̀ lè má rí bí ìwé ṣe wí."
Ó yíjú sí bàbá náà.
"Ṣé igi yẹn ṣì wà?"

Igi wà. Ìyàwó rẹ̀ ló fi ń ti ilẹ̀kùn.
Ṣùgbọ́n kí ọmọ tí a rán tó dé,
Amandus ti gbé ife sílẹ̀, ó dijú:
"Ní àádọ́jọ: ẹgbẹ̀rún mẹ́rìndínlógún, ó lé àádọ́rùn-ún."

Àádọ́rùn-ún. Mo gbọ́ ọ.
Mo kọ ọ́ sínú ìwé,
lẹ́tà ń gbọ̀n.
Mo ní òtútù ni.
Kò sẹ́ni tó bi mí.